Sandra Sánchez, obìnrin tí wọ́n ní ó ti dàgbà jù fún kàráté: ìbéèrè àti ìdáhùn

Nínú gbogbo obìnrin tó ń ṣe kàráté, kò sí èyí tí àwọn èèyàn ń béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mi tó Sandra Sánchez, ọmọ ilẹ̀ Sípéènì. Ìbéèrè wọn jọra, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi gbólóhùn kan parí. Mo ti kó wọn jọ síbí. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ìtàn obìnrin yìí yẹ kéèyàn sọ ọ́ dáadáa.

Ta ni Sandra Sánchez?

Ọmọ ìlú Talavera de la Reina ni, ní agbègbè Toledo, lórílẹ̀-èdè Sípéènì. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 ni wọ́n bí i. Kata ni ẹ̀ka tó yàn nínú kàráté. Òun ló gba góòlù kàráté àkọ́kọ́ nínú ìtàn Òlíńpíìkì, ní Tokyo, lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 2021. Ó gba góòlù àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì, ní 2018 àti 2021, ó sì gba ti Yúróòpù lẹ́ẹ̀méje.

Ẹni ọdún 33 ni nígbà tó kọ́kọ́ gba ti Yúróòpù. Ẹ fi ọjọ́ orí yẹn sọ́kàn, inú rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wà.

Mo wo fídíò rẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń bá jà. Ṣé ijó ni?

Kì í ṣe ijó o. Ọ̀nà méjì ni ìdíje kàráté pín sí. Ọ̀kan ni kumite, níbi tí ẹni méjì ti ń dojú ìjà kọ ara wọn, tí wọ́n ń fi ẹ̀ṣẹ́ àti ẹsẹ̀ wá máàkì. Èkejì ni kata. Nínú kata, ẹnì kan ṣoṣo ló ń gun orí ẹní tatami. Á dárúkọ kata tó fẹ́ ṣe sókè ketekete kí gbogbo adájọ́ gbọ́ ọ, á sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́, ìdènà, ìtapá, ìyípo àti ìdúró ló ń tò tẹ̀ léra, bí àwọn àgbà kàráté ṣe tò ó sílẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Kò gbọ́dọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò sì gbọ́dọ̀ yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ìjà ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ ọ̀tá ni ò sí lójú. Iṣẹ́ ẹni tó ń ṣe kata ni láti jẹ́ kí ẹni tó ń wòran rí ọ̀tá yẹn. Ibẹ̀ gan-an ni Sánchez ti ga ju ọ̀pọ̀ lọ lójú tèmi. Ẹ máa wo ojú rẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ yípo. Ojú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀, kí ara tó tẹ̀ lé e, bí ẹni tó ti rí ẹnì kan tó ń bọ̀ wá bá a.

Tí kò bá sí ẹni tó ṣubú, báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó borí?

Àwọn adájọ́ ló ń sọ ọ́. Ṣáájú 2019, adájọ́ márùn-ún ló máa ń jókòó, àsíá pupa àti àsíá búlúù á wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Tí àwọn méjì tó ń díje bá ti ṣe tiwọn tán, gbogbo adájọ́ á na àsíá sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí àsíá tirẹ̀ bá pọ̀ jù ló borí. Kì í pẹ́, ó sì dùn-ún wò, ṣùgbọ́n kò lè jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá bíńtín ni wọ́n fi ju ara wọn lọ tàbí wọ́n fi jìnnà réré.

Ní 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo máàkì, ètò yẹn náà ni wọ́n sì lò ní Tokyo. Adájọ́ di méje. Nínú ètò ìgbà yẹn, láti 5.0 dé 10.0 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn lè fúnni. Wọ́n ń fúnni ní máàkì lọ́tọ̀ fún ìmọ̀ iṣẹ́, ìyẹn bí ìdúró ṣe rí, bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe jáde, bí ẹni náà ṣe ń mí. Wọ́n sì ń fúnni lọ́tọ̀ fún agbára, bí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe ń yára, àti bí ara ṣe dúró ṣinṣin. Wọ́n á yọ máàkì méjì tó ga jù àti méjì tó kéré jù dànù, wọ́n á ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Nínú àròpọ̀ yẹn, ìmọ̀ iṣẹ́ ló ni 70 nínú 100, agbára ara ló ni 30. Ẹni tó bá ṣe é láìkù síbì kan ò lè kọjá 30 lápapọ̀.

Ẹni tó bá ti rí 70 àti 30 yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í lóye bí obìnrin tó ń lọ sí ogójì ọdún ṣe lè borí ní Òlíńpíìkì.

Ọmọ ọdún mélòó ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kàráté?

Ọmọ ọdún mẹ́rin. Arákùnrin rẹ̀ ń lọ kọ́ kàráté, àwọn òbí wọn sì fẹ́ kí Sandra lọ kọ́ ijó ní tirẹ̀. Kò gbà. Ibi tí arákùnrin rẹ̀ ń lọ lòun náà fẹ́ lọ, ó sì débẹ̀.

Kí ló wá dé tí ayé ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ títí ó fi lé ní ọgbọ̀n ọdún?

Ìbéèrè yìí gan-an ló yẹ ká jókòó tì, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ ìtàn yìí bíi pé ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ rárá. Àwọn tó yẹ kó yàn án ló pẹ́.

Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, ó ń díje ní Sípéènì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àgbà orílẹ̀-èdè náà ò mú un. Ó kúrò nílé lọ sí Madrid, ó kẹ́kọ̀ọ́ nípa eré ìdárayá. Lẹ́yìn náà ni àrùn jẹjẹrẹ mú ìyá rẹ̀. Sánchez fi ìdíje sílẹ̀, ó padà lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ti tọ́jú aláìsàn rí mọ̀ pé kò sí àyè fún nǹkan mìíràn nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀, kò sì sí olùyàn kankan tó ń kọ ọ́ sínú ìwé pé ìtọ́jú òbí ló gba àsìkò ẹni yìí. Ohun tí wọ́n rí ni pé orúkọ rẹ̀ ò sí nínú èsì ìdíje.

Lẹ́yìn èyí, ó lọ gbé ní Ọsirélíà fúngbà díẹ̀, ó ń kọ́ èdè Òyìnbó, ó sì ń ṣe kàráté lọ. Nígbà tó padà sí Sípéènì, tó ní òun fẹ́ díje ní ipò gíga, ohun tó ń gbọ́ ni pé ọjọ́ orí òun ti lọ jù. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ èyí nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò púpọ̀.

Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó mú un sínú ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè. Ní 2015, wọ́n mú un lọ sí ìdíje Yúróòpù ní Istanbul, ó sì gba góòlù. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin títí di ọjọ́ yẹn, bí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló ti wà nídìí kàráté. Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí pé ó dùn mí tí wọ́n bá pe irú nǹkan báyìí ní iṣẹ́ ìyanu. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ó ti wà níbẹ̀ tipẹ́, ẹni tí yóò wò ó ni ò sí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni, Jesús del Moral ni orúkọ rẹ̀. Òun náà ló kọ́ Damián Quintero, ọkùnrin tó gba fàdákà kata fún Sípéènì ní Tokyo, lẹ́yìn Ryo Kiyuna ọmọ Okinawa.

Ìdíje Yúróòpù méje wo ló gbà?

Istanbul ní 2015, Montpellier ní ilẹ̀ Faransé ní 2016, Kocaeli ní Tọ́kì ní 2017, Novi Sad ní Sẹ́bíà ní 2018, Guadalajara nílé rẹ̀ ní Sípéènì ní 2019, Poreč ní Kroéṣíà ní 2021, àti Gaziantep ní Tọ́kì ní 2022. Wọn ò ṣe ti 2020 nítorí kòrónà. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbà á títí tó fi kúrò, ẹlòmíràn ò gba góòlù kata obìnrin nínú ìdíje Yúróòpù mọ́. Àfikún sí i ni ìdíje Premier League ti àjọ kàráté àgbáyé, WKF, tí wọ́n ń ṣe káàkiri ìlú ńláńlá lọ́dọọdún. Àmì ẹ̀yẹ tó kó níbẹ̀ pọ̀ débi pé Guinness World Records kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ta ni Kiyou Shimizu, tí wọ́n máa ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ tirẹ̀?

Téèyàn ò bá mọ Shimizu, kò lè mọ bí Sánchez ṣe tóbi tó. Ọmọ Osaka ni, ní Jàpáánì, ọdún 1993 ni wọ́n bí i, ìyẹn ni pé Sánchez fi ọdún méjìlá jù ú lọ. Ó gba góòlù àgbáyé ní Bremen ní 2014, ó tún gbà á ní Linz ní 2016. Ní Linz yẹn, idẹ ni Sánchez mú lọ sílé, ìdíje àgbáyé tó sì kọ́kọ́ fún un ní àmì ẹ̀yẹ nìyẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ìdíje àgbáyé lọ sí Madrid. Àwọn méjèèjì pàdé ní àṣekágbá, Sánchez sì borí lójú àwọn ará ilé rẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, tí ìdíje ńlá kan bá ti fẹ́ wáyé, ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn tó mọ kata ò ju ẹyọ kan lọ: èwo nínú àwọn méjèèjì?

Wọn ò jọra. Shimizu ń ṣe tirẹ̀ bí omi tó ń ṣàn, ẹ̀ṣẹ́ kan ń bímọ fún èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Sánchez máa ń dúró. Á ju ẹ̀ṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, gbogbo ara rẹ̀ á sì dákẹ́ wáí, kò ní mì, kó tó tún bẹ́. Èmi fẹ́ràn ti Sánchez jù, ṣùgbọ́n mi ò ní bá ẹni tó fẹ́ràn ti Shimizu jiyàn.

Báwo ni ẹni ọdún 39 ṣe borí ẹni ọdún 27?

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Nínú kata, àkísà yẹn ní iye lórí. Kéèyàn mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, kó mọ bí èémí ṣe ń bá ẹ̀ṣẹ́ jáde, kí ìbàdí ṣáájú apá láìjẹ́ pé èèyàn ń rò ó: ọdún ló ń kọ́ni, kò sí olùkọ́ tó lè gé e kúrú.

Àmọ́ kí n má tan yín jẹ. Ọjọ́ orí ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn. Kata tí wọ́n ń ṣe ní ipò yẹn ní ìfò nínú, ó ní ìgbà tí èèyàn máa ń lọ sílẹ̀ pátápátá, tí á sì dìde lójijì lórí ẹsẹ̀ kan. Orúnkún àti ẹ̀yìn ló ń san owó rẹ̀. Sánchez ń gbára dì ní ibùdó àwọn eléré ìdárayá ńlá ní Madrid, òun àti àwọn ọmọ tó lè bí. Kò borí nítorí pé àgbà ni. Ó borí nítorí pé ó pa agbára ọ̀dọ́ mọ́ sí ara, ìmọ̀ àgbà sì wà lórí rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Tokyo gan-an?

Nippon Budokan ni wọ́n ti ṣe é, ilé tí wọ́n kọ́ fún júdò nígbà Òlíńpíìkì 1964. Fún àwọn ará Jàpáánì, ibẹ̀ ni ilé àwọn eré ìjà. Òlíńpíìkì 2020 ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kòrónà ti sún un sí 2021, wọn ò sì jẹ́ kí òǹwòran wọlé. Ìjókòó ṣófo yí tatami ká.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí kàráté máa wà ní Òlíńpíìkì, kata obìnrin ló sì ṣí i. Shimizu wà nílé rẹ̀, gbogbo Jàpáánì ń retí góòlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ní àṣekágbá, kata kan náà ni àwọn méjèèjì yàn, Chatanyara Kushanku. Ohun tó mú kí n máa padà wò ó nìyẹn. Kò sí pé tẹnì kan le ju tẹnì kejì lọ. Ẹ̀ṣẹ́ kan náà, ìyípo kan náà, ẹni méjì. Sánchez gba 28.06, Shimizu gba 27.88. Ìyàtọ̀ 0.18 ló pín góòlù àti fàdákà. Viviana Bottaro ti Ítálì àti Grace Lau ti Hong Kong ni wọ́n gba idẹ.

Àwọn kan ṣì ń bi mí bóyá wọ́n rẹ́ Shimizu jẹ. Rárá o. Ilé rẹ̀ ni wọ́n wà, àwọn adájọ́ méje ò sì lè fìdí èrú múlẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yọ máàkì mẹ́rin dànù. Ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ dé góńgó ló pàdé, Sánchez sì fi díẹ̀ jù ú lọ lọ́jọ́ yẹn.

Kí ni ìtumọ̀ Chatanyara Kushanku yẹn?

Orúkọ èèyàn ni méjèèjì. Ní Okinawa, níbi tí kàráté ti ṣẹ̀, wọ́n gbà pé Kushanku jẹ́ ìránṣẹ́ láti ilẹ̀ Ṣáínà tó wá sí erékùṣù náà nǹkan bí ọdún 250 sẹ́yìn, tó sì mọ ìjà púpọ̀. Yara, ará abúlé Chatan, ló kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀wọ́ ìjà tó wá láti ọwọ́ rẹ̀ sì ń jẹ́ orúkọ àwọn méjèèjì di òní. Ó gùn, ó sì le. Ìgbà kan wà tí èèyàn ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. Ìgbà mìíràn wà tó ń fò sókè, tó ń bọ́ sílẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Àjọ WKF ní kata tó lé ní 100 lórí ìwé tí èèyàn lè mú, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ló tó èyí tí wọ́n lè fi ìwọ̀n méjèèjì dán wò, agbára àti sùúrù.

Ṣé ó fẹ̀yìntì lẹ́yìn Tokyo?

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó pé ogójì ọdún ní oṣù Kẹsàn-án 2021. Ní oṣù Kọkànlá, ó lọ sí ìdíje àgbáyé ní Dubai, ó sì gba góòlù rẹ̀ kejì. Ní oṣù Karùn-ún 2022 ló gba ti Yúróòpù keje ní Gaziantep. Ìdíje World Games tí wọ́n ṣe ní Birmingham, ìpínlẹ̀ Alabama, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Keje ọdún yẹn ló fi kógbá sílé, góòlù ló sì tún gbà níbẹ̀. Ẹni tó ń borí lọ́wọ́ tó ní ó tó òun, èèyàn ńlá ni lójú mi.

Kí ló dé tí a ò rí kàráté ní Paris ní 2024? Ṣé torí ọkùnrin tí wọ́n ta nípàá tó dákú ni?

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti tàn kálẹ̀. Lóòótọ́ ni pé lọ́jọ́ tó kẹ́yìn ní Tokyo, nínú àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó wúwo jù, Tareg Hamedi ti Saudi Arabia ń ṣíwájú, ó wá ta Sajad Ganjzadeh ti Iran nípàá lórí, onítọ̀hún sì dákú. Wọ́n lé Hamedi jáde nínú eré náà, Ganjzadeh tó dákú ló gba góòlù. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló lé kàráté kúrò. Láti oṣù Kejì ọdún 2019 ni àwọn tó ń ṣètò Paris ti sọ eré tí wọ́n fẹ́ fi kún tiwọn, kàráté ò sì sí níbẹ̀, ọdún méjì ó lé kí ìjà yẹn tó wáyé. Kò sí nínú ti Los Angeles 2028 náà. Nítorí náà, títí di báyìí, Sánchez nìkan ni obìnrin tó ní góòlù kata Òlíńpíìkì. Ó dùn mí fún àwọn ọmọbìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ṣé obìnrin Áfíríkà kankan ṣe dáadáa ní Tokyo?

Feryal Abdelaziz ti Íjíbítì gba góòlù kumite àwọn tó wúwo ju kílò 61 lọ. Irina Zaretska ti Azerbaijan, tí gbogbo ayé mọ̀, ló nà ní 2–0 ní àṣekágbá. Kò sí obìnrin Íjíbítì tó gba góòlù Òlíńpíìkì rí ṣáájú rẹ̀. Òun náà tó ojú ewé tirẹ̀, màá sì kọ ọ́.

Ọmọ mi obìnrin ti pé ogún ọdún, kò ṣe kàráté rí. Ṣé ó lè ṣe bíi ti Sánchez?

Ẹ jẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìtàn Sánchez ṣèlérí fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Sánchez nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ìtàn rẹ̀ bá wí ni ọmọbìnrin tó ti ń ṣe é láti kékeré, tó wá dé ọdún 24 tàbí 25, tí wọ́n wá ń sọ fún un pé kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, tàbí tó fi í sílẹ̀ torí ọmọ, torí àìsàn nínú ilé, tó sì rò pé òun ò lè padà mọ́. Tí irú rẹ̀ bá wà lágbo yín, tí kata sì ni ẹ̀ka rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí olùkọ́ kankan fi ọjọ́ orí nìkan lé e. Kí wọ́n wò ó lórí tatami kí wọ́n tó sọ̀rọ̀.

Fídíò wo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Àṣekágbá Madrid 2018 àti ti Tokyo. Méjèèjì wà lórí YouTube, lójú ewé WKF àti ti Òlíńpíìkì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ kàn wò ó. Nígbà kejì, ẹ pa ohùn àwọn asọ̀rọ̀-eré, kí ẹ máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan, pàápàá gìgísẹ̀ ẹ̀yìn tó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́: kì í gbéra nílẹ̀. Nígbà kẹta, ẹ ṣí ohùn padà kí ẹ máa gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ti Shimizu ní Tokyo lọ́nà kan náà, kí ẹ tó pinnu ẹni tí ẹ̀yin ì bá gbé àsíá fún.